Káfíńtà Tí Kò Dìde

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Àlùfáà ní kí gbogbo ọkùnrin tó bá mọ̀ pé òun ni olórí ilé òun dìde dúró, gbogbo ọkùnrin inú ìjọ ló dìde. Kódà, àwọn àpọ́n méjì tí kò tíì rí ẹni fẹ́ bá wọn dìde. Káfíńtà nìkan ló jókòó lẹ́yìn òpó, tó ń wo àjà bí ẹni ń ka pátákó.

"Káfíńtà," Àlùfáà pè é, "ṣé ìwọ kọ́ ni olórí ilé ẹ ni?"

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, sà," ó dáhùn jẹ́jẹ́.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọn ìbá fi í jẹ alàgbà. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò lè dìde nítorí ilé ara rẹ̀, ṣé ti ìjọ ló máa dìde fún? Láti ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀ pé ó ti ki ọkọ bọ àpò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Èyí tó sì burú jù ni pé kò mọ ìdí tí ọkọ òun kò fi dìde. Lójú tirẹ̀, àdúrà lòun dijú gbà. Ìgbà tó máa lajú, àwọn ọkùnrin ti jókòó padà, gbogbo ìjọ sì ń wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ò dìde?" ó bi í nígbà tí wọ́n délé.

"Ṣòkòtò mi ló ya nídìí."

Aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún o! Obìnrin náà kó gbogbo ṣòkòtò ilé jọ, ó rán ìdí wọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọdún méjìlélógún ni Káfíńtà fi wọ ṣòkòtò tó le bí pákó, kò ráhùn rí. Àfi pé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú òòlù, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Lọ́dún kejì, ìyàwó tún bi í. Ó ní orúnkún ló ń ro òun lọ́jọ́ náà. Lọ́dún karùn-ún, ó ní ṣebí òun lòun kan bẹ́ǹṣì ìjọ, òun fẹ́ dán an wò bóyá ó lágbára ni. Kí Ọlọ́run dárí irọ́ yẹn jì í. Obìnrin náà ń to àwọn ìdáhùn náà jọ lọ́kàn, kò sí èyí tó bá ara mu níbẹ̀.

Ẹ má rò pé alágídí ni Káfíńtà o. Tí ìjà bá dé láàárín wọn, òun ló máa ń kọ́kọ́ túúbá. Á jáde síta, á ti ilẹ̀kùn, á wá kàn án bí àlejò.

"Àgò onílé o! Ìyàwó Káfíńtà wà ńlé?"

"Kò sí ńlé!" ìyàwó á dáhùn látinú yàrá.

"Tó bá dé, ẹ bá mi sọ fún un pé mo jẹ̀bi."

Lọ́jọ́ kan tó jẹ́ pé ìyàwó ló jẹ̀bi, tí òun náà sì mọ̀, Káfíńtà ṣì kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀bi tí ìyàwó òun jẹ, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí òrùlé wọn ń jò, ó sún ibùsùn kí ojú ibi tó ń jò lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó ní ipò olórí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ilé kún fún èrò. Àlùfáà, tó ti fẹ̀yìn tì, ń sọ ìtàn orúnkún. Ẹlòmíì ní rárá, bẹ́ǹṣì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Opó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ta ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú yín? Ó ti sú mi láti máa gbé e kiri."

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo jókòó sí. Ò ń sùn ni."

"Èmi? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi tí mo máa ń já àwọn ọmọ léèékánná tí wọ́n bá ti tòògbé!"

"Fọnfọn lo sùn. Orí ẹ wà léjìká ọkọ ẹ, òpó ni ò jẹ́ kí àwọn tó wà níwájú rí ẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ọkọ ẹ wà nílé ìwòsàn, ìwọ nìkan lo tọ́jú ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Mo fọwọ́ kan ọkùnrin náà, mo ní kó jí ẹ, wọ́n ń pè é. Ó ní, 'Ìyá, tó bá rẹ Àlùfáà, wọ́n á jókòó. Ẹ jẹ́ kó sùn.'"

Àlùfáà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo yọ orúkọ ẹ̀ o," ó wí.

"Ó mọ̀. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Ó ní ìyàwó òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ìtìjú náà kúkú wá sọ́dọ̀ òun."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi rò pé èmi ni mò ń ru ìtìjú ọkùnrin yìí," ó wí. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu rẹ̀. "Àṣé ọkọ mi fẹ́ràn mi tó báyìí."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fà á mọ́ra. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má sunkún.