Owú Ló Rán Aránṣọ Lọ Sídìí Ọkọ̀

Ọjọ́ tí káfíńtà fín lọ́fínńdà kó tó lọ síbi iṣẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ fura.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Ó mọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe: ó ń tún ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan ṣe, tó máa ń gbé àwọn tó bá wá gbafẹ́ kiri nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Nígbà tí ẹni tó ni ín kú, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà gòkè sínú koríko, adìyẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin olóògbé náà, tí wọ́n ń pè ní Màdáámú, ló wá ní ọkọ̀ bàbá òun gbọ́dọ̀ padà sómi. Opó ni, ó sì rẹwà.

Láti ìgbà náà, ìdí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Orí ibùsùn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. “Màdáámú ní ọwọ́ mi dára.” “Màdáámú ní kí n má fi ìṣó tuntun ba pákó àtijọ́ jẹ́.”

“Ṣé Màdáámú ló bí yín ni?”

“Ìyá àwọn ọmọ, iṣẹ́ ni mo ń ṣe o.”

“Iṣẹ́ tó ń gba lọ́fínńdà?”

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ lọ bá a. Ó bá Màdáámú tó di pákó mú, tí ọkọ rẹ̀ ń kan ìṣó mọ́ ọn, èjìká kan èjìká. Aránṣọ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sórí àwọn àga inú ọkọ̀ tí eku ti jẹ.

“Ta ni yóò rán tìmùtìmù fún yín?”

“A ò tíì rí ẹnì kankan,” ni Màdáámú wí.

“Ẹ ti rí i.”

Bí ó ṣe gbé máṣíìnì rẹ̀ débẹ̀ nìyẹn. Òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀, owú wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì, kò sì rí nǹkan kan mú: bí Màdáámú ṣe ń bá káfíńtà rẹ́rìn-ín náà ló ń bá akunlé tó ń kun ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lára ló ń gbàgbé àtiṣọ́ wọn; ó tú odindi tìmùtìmù kan palẹ̀ nítorí ojú ìránṣọ tó wọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ padà sómi, àwọn èrò jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. “Ta ló rán èyí?” Màdáámú dì mọ́ aránṣọ níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kan pákó.

Ojú káfíńtà le. “Tìmùtìmù, tìmùtìmù! Orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé e lé ni?”

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó.”

“Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.”

Ó dúró lóòótọ́, ó di òpó mú, títí ọkọ̀ fi yí omi ká tó sì padà sí èbúté. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí àga méjì, ó ń gbatẹ́gùn.