Súfèé Sinimá Ẹlẹ́ṣin

Fóònù ọmọ ọmọ mi obìnrin dún ní ìsọ̀ mi ní ọjà New Benin: orin súfèé inú sinimá àwọn òyìnbó ẹlẹ́ṣin. Etí ọ̀tún mi gbóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, a ń fẹnu súfèé orin yẹn. Bàbá wa yin ẹ̀gbọ́n mi: "Akọni!" Wọ́n wá gbá èmi létí. "Obìnrin kì í súfèé nílé mi!" Orin kan náà o! Ìyá wa wà nídìí ààrò. Wọ́n ká ẹnu jọ, wọ́n ń fẹ́ná.

Ọjọ́ tí a sin ìyá wa ni àbúrò wọn sọ fún mi pé kò sí ọmọge tó mọ súfèé tó ìyá wa ládùúgbò nígbà èwe wọn.

"Mama, sorry, make I off am?" Ọmọ ọmọ mi ti di fóònù tó ṣì ń dún mú.

"Ta ló ní kó o pa á? Fẹnu ẹ súfèé ẹ̀, kí gbogbo ọjà gbọ́."