Ọ̀pá Tí A Fi Wọn Àdúgbò Wa

Ẹ̀rù iná ni mo fi dàgbà. Ìsàlẹ̀ ilé wa ní Fọlá Àgòrò, ní Bàrígà, ni bàbá mi ti ń tẹ̀wé. Bébà ga dé àjà níbẹ̀, ìgò kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń nu tàdáwà kúrò lára ẹ̀rọ sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òkè ni àwa ń gbé. Wáyà kan wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn tó máa ń ta pàrà nígbàkúùgbà tí NEPA bá mú iná dé, àyà mi á sì já. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnìkan bá ṣáná sí sìgá ní Bàrígà, èmi ni màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì tí a ti ń yàwòrán ilé l'Ónípanu ní kí n ya ilé iṣẹ́ panápaná tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ́ sí Bàrígà, mo rò pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà mi. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí a dìbò fún ló fẹ́ kọ́ nǹkan tí ojú á rí.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi yà á. Kì í ṣe ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Yàrá onírin ni, tí wọ́n á ti ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbòmíràn, tí wọ́n á kó wá, tí wọ́n á sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù dè pọ̀. Bí àyè ò bá gbà wọ́n mọ́ lọ́la, wọ́n á kàn gbé yàrá mìíràn so mọ́ ọn. Ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì méjì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín kọjá kí ooru má baà wọlé, òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, sólà sì wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ibi tí ọkọ̀ panápaná ń gbé ò bá NEPA da nǹkankan pọ̀. Irin wúwo kan tí a so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń bá èèyàn gbé e sókè, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo sì tó láti ṣí i. Mo máa ń wo àwòrán yẹn, màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lémi nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹ̀rù iná dín díẹ̀ lára mi.

Panápaná àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Ilé yìí dáa o, àǹtí. Ó dáa ju ilé tèmi lọ," ni ó wí. "Ọkọ̀ á jáde kíá. Tó bá wá jáde tán, ibo ló ń lọ?"

Mo ní ibi tí iná bá ti ń jó ni.

"Ẹn-ẹ́n, ibo gan-an? Ibo lẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà ẹ́ jù?"

N ò tilẹ̀ ronú kí n tó dáhùn. Mo ní ilé wa.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gbé ọ̀pá oparun kan wá, ó ti gé e ṣe déédéé gíga ọkọ̀ panápaná. Ó ní kí n gbé e dúró ṣánṣán, kí a fẹsẹ̀ rìn láti orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí títí dé ilé wa. Ibi tí ọ̀pá bá gbà kọjá ni ọkọ̀ máa gbà. Aránṣọ kan nawọ́ sí wa láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn ìjọba, àsíá yín dà?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀pá kọ́ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan, a yà gba ibòmíràn. Ó tún kọ́ páànù ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, a tún yà. Ní ìkóríta tó ṣáájú tiwa ni mo ti rántí ohun tó wà níwájú.

Ọ̀pá náà ró gbọ̀ọ̀ lára irin tó dábùú òkè géètì àdúgbò wa.

Èmi ni mo ya géètì yẹn. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn olè gbé lọ́rí wá, wọ́n kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi méjì lọ, wọ́n sì ṣẹ́ màmá mi lápá. Ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì ni wọ́n ti to apá rẹ̀, ṣùgbọ́n apá náà ò nà tán mọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ alága àwọn onílé, ní kí n ya géètì tí lọ́rí kankan ò ní lè gbà wọlé mọ́ láyé. Mo fi irin nípọn dábùú òkè rẹ̀, mo sì jẹ́ kó rẹlẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, àpò bàbá mi ló sì ń gbé.

Ariwo irin náà ló mú bàbá mi jáde. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí wa.

"Ọ̀gá, ẹ ò rí iṣẹ́? Ọmọ mi yìí ló yà á o. Lọ́rí kankan ò wọbí mọ́ látìgbà yẹn."

"Mo rí i, sà. Iṣẹ́ gidi ni," ni panápaná náà fèsì. "Tèmi náà ò ní lè wọlé."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ju ìtìjú lọ. Mo bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ ká gé irin náà. Ó gbaná jẹ.

"Kí wọ́n lè wá kó èyí tó kù, àbí? O ò sí ńlé níjọ́ yẹn. Ṣé o gbọ́ bí ìyá ẹ ṣe ń ké ni?"

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. N ò gbọ́ kí ohùn bàbá mi gbọ̀n rí, ìyẹn gan-an sì tún dá kún ẹ̀rù tèmi.

Panápaná náà ò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé tí iná bá sọ lọ́sàn-án báyìí, ta ló máa ṣí géètì.

"Èmi ni."

"Tẹ́ ẹ bá ti jáde ńkọ́?"

Bàbá mi fọwọ́ kan àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń lọ ra bébà l'Ónípanu, kọ́kọ́rọ́ á sì bá a lọ.

Màmá mi ló dáhùn láti ojú fèrèsé òkè, láti ẹ̀yìn irin tí a fi dènà olè.

"Bàbá wọn, ojoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde ni mo ń rò ó. Mi ò kì í tan sítóòfù títí ẹ ó fi dé."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, apá rẹ̀ la rò pé ó ń dùn ún tí kì í fi í se oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá mi tilẹ̀ máa ń pè é ní ìyàwó ọ̀lẹ, gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbójú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí wẹ́dà tó ń jó irin. Kí oòrùn tó wọ̀, irin náà ti wà nílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì sì ti wà lọ́wọ́ màmá mi.

Ọdún náà ò tíì parí tí àwọn tó wà nípò ní ìjọba ìbílẹ̀ fi pààrọ̀. Àwọn tó dé ní kì í ṣe ilé panápaná ló kàn wọ́n. Ọ̀gá mi ká àwòrán mi, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo jókòó, mo ń wò ó níbẹ̀. Géètì wa ti ṣí sílẹ̀ fún lọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí a torí rẹ̀ ṣí i ò ní wá.

Ọ̀sán ni mo délé lọ sọ fún wọn. Bàbá mi ti lọ sí Onípanu. Màmá mi wà ní ìdáná, ó ń dín dòdò, ó sì ń kọrin lábẹ́nu. Mo sọ fún un pé wọn ò kọ́ ilé panápaná náà mọ́. Ó na apá rẹ̀ tí kò nà tán yẹn, ó pa sítóòfù, dòdò sì wà nínú òróró níbẹ̀, kò tíì pọ́n.