Igi Ẹnu Ọ̀nà Tí Àbúrò Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fín

Kí-ló-fà-á ni a ń pe àbúrò mi obìnrin láti kékeré. Bí iyọ̀ bá yọ́ nínú omi, á bi ìyá wa pé kí ló fà á. Mo ti gbá a létí rí nítorí ìbéèrè. "Abèèrè kì í ṣìnà" ló fi dá mi lóhùn.

Ọgọ́ta igi ọsàn ni ọkọ rẹ̀ gbìn kó tó kú. Nígbà tó yá, ààmì dúdú wínníwínní bo èèpo ọsàn, àwọn oníbàárà bá ń kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ni ilẹ̀, sojú abẹ níkòó: "Ìyàwó wa, ọdún méjì ni mo fún ẹ. Bí ọsàn yìí ò bá mọ́, ayùn ni n ó gbé wá." Àbúrò mi sunkún lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Àwọn igi yẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Páǹpù ni a ń pe ọkùnrin tó ń bá wọn fín oògùn, nítorí páǹpù oògùn tí kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ààmì bá ti yọ ló máa ń dé wá fín in. Ó ní àrùn náà àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, pé òjò ló ń gbé e láti ara ẹ̀ka gbígbẹ wá sára ọsàn.

"Ọjọ́ wo ló ń wọ ara ọsàn gan-an?" ni àbúrò mi bi í.

"Àǹtí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i náà ni."

Kò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tí òdòdó rẹ̀ dànù, ó fi àpò bébà bo ọmọ ọsàn mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó bo mẹ́wàá mìíràn tí kò ní ààmì kankan. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti gun orí rẹ̀. Nígbà tí ọsàn pọ́n, a jọ tú àpò. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Mẹ́wàá kejì ti dúdú wínníwínní nínú àpò. Àṣé àrùn ti wọ̀ wọ́n lára kí ààmì tó yọ. Olè ti wà nínú ilé kí a tó ti ilẹ̀kùn!

Lọ́dún kejì, ó gé gbogbo ẹ̀ka gbígbẹ, ó sì ránṣẹ́ pe Páǹpù gbàrà tí òdòdó rẹ̀ dànù.

"Àǹtí, ta ló ń ṣàìsàn tí mo fẹ́ wò?"

"Ẹ ṣáà fín in. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin sí i, ẹ tún padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fín ti ẹnu ọ̀nà yẹn."

Inú bí mi. Igi tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn nìyẹn, òun sì ni gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ rí! "Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fín gbogbo wọn tí wọ́n sì mọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé oògùn ló ṣe é, pé kì í ṣe pé ọdún ló dára?"

Ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ayùn. Ó rí igi ẹnu ọ̀nà, ààmì bò ó. Ó mi orí, ó gbé ayùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wọ inú oko ná."

Ó wọ inú oko. Ó já ọsàn kan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó já lórí igi kejì, ó já lórí ìkẹwàá. Kò rí ààmì kankan. Ó gbé ayùn kalẹ̀ nínú koríko, ó wẹ̀yìn wo igi ẹnu ọ̀nà, ó tún wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí, "kí ló fà á?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àbúrò mi, n kò tíì rí ẹni tó bi òun náà ní ìbéèrè yẹn rí. Ó lanu láti dáhùn, ẹkún ló jáde.