Ohun Tí A Rán Sórí Fìlà

Ikhlas tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Fọ́lágbadé, ẹ wá wò ó nídìí ẹ̀rọ mónógírámù. Bó bá rán òdòdó sára aṣọ, oyin lè bà lé e. Ó ní ọ́tísíìmù, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tàwa yòókù. Kì í wojú èèyàn, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì máa ń lé e wọ inú yàrá, àmọ́ èmi Edith ò ní fi í pààrọ̀ ẹnikẹ́ni.

Lóṣù kẹta ọdún yìí ni Màmá Moṣọpẹ́ kó fésìkáàpù wá, òun àti ọmọ rẹ̀. Moṣọpẹ́ ti lé lógún ọdún, òun náà ní ọ́tísíìmù. Kì í sọ̀rọ̀, fóònù ló fi ń tẹ ohun tó bá fẹ́ wí. Àwọn òbí tọ́mọ wọn ní ọ́tísíìmù fẹ́ bá àwọn ọmọ náà rìn yí ìlú ká lóṣù kẹrin, káráàlú lè mọ̀ nípa ẹ̀, Ikhlas ni wọ́n sì ní kó ṣáájú. Àmì tí màmá náà ní ká rán sórí fìlà náà ni ègé kan lára àwòrán tí wọ́n máa ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ káwọn ọmọdé tò ó pọ̀. Irú ẹ̀ wà láyà aṣọ tiẹ̀, ó ti ń lò ó látìgbà tí dókítà ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣàmì ẹ̀.

Ikhlas wo àmì yẹn, ló bá kúrò nídìí ẹ̀rọ. Inú bí mi, mo ní ṣé ó fẹ́ dójú tì mí níwájú oníbàárà ni. Màmá Moṣọpẹ́ ni Ikhlas bi ní ìbéèrè.

"Màmá, kí ló sọnù lára mi?"

Ikhlas ní bí ègé yẹn bá máa wà lórí fìlà òun, òun ò ní bá wọn rìn, torí òun pé, òun kì í ṣe ègé nǹkan. Ó ní nọ́ńbà ẹẹ́jọ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, aláwọ̀ òṣùmàrè, ló wu òun, torí kò lópin, oríṣiríṣi ni àwọn tó ní ọ́tísíìmù náà sì jẹ́. Àmọ́ ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìjagun fẹ́ràn ègé yẹn gan-an. Ohun tó dun òun ni pé kò sẹ́ni tó bi àwọn ohun táwọn fẹ́.

Màmá Moṣọpẹ́ fọwọ́ bo àmì àyà rẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ìfẹ́ ọmọ ló fi ń lò ó. Mo ní, "Ẹ má bínú o, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọmọ yín rèé, ẹ bi í."

Ó bi í. Moṣọpẹ́ tẹ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó wá gbé e fún ìyá rẹ̀: "Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ rán. Màmá nìkan ni wọ́n máa ń kí."

La bá bi gbogbo àwọn tó máa dé fìlà náà. Àwọn kan fẹ́ nọ́ńbà ẹẹ́jọ, àwọn kan fẹ́ ègé. Usamah ní ewúrẹ́ lòun fẹ́, a rán ewúrẹ́ fún un, tòun ti irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ ìrìn, Ikhlas ló ṣáájú, ayọ̀ ò jẹ́ kó rọra rìn, la bá ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tá a dé Òkè-Àjé, àwọn ọlọ́jà ń ka orúkọ tá a rán sórí fìlà Moṣọpẹ́, wọ́n ń fi kí i lọ́tùn-ún lósì, òun náà ń fò sókè, ó ń ju ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ di apá mi mú, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Àǹtí Edith, ẹ gbọ́," ó ní, "wọ́n ń pe ọmọ mi."