Bí Kọ̀ǹpútà Àgbà Bá Gbà

Mo fẹ́ kó yé èèyàn pé kì í ṣe ọ̀tá ló fi ìyà jẹ mí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù Lomé. Ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo wọ̀ lẹ́yìn náà, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìwé ẹrù fún àwọn aṣọ́bodè, kí n tó jáde ní yunifásítì pàápàá. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé ní pálọ̀ bàbá tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà, tí gbogbo wa ń pè ní Àgbà.

Ẹ̀sùn mi kò lọ́jú pọ̀: bí iná bá lọ, ohun tí èèyàn ti tẹ̀ bá a lọ. Iná Lomé sì ń lọ. Ọ̀gá mi ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ìwé ẹrù kan bá tún sọnù, òun á padà sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, èmi á sì padà sílé. Mo wá kọ àfikún kan tí yóò máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n dísìkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí a ń kó ètò sí, tí Àgbà kò bá fọwọ́ sí, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kó wọ ọ́fíìsì.

"Ẹni tí kò bá rántí fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ọ̀lẹ ni," Àgbà wí.

"Bàbá, ṣé iná máa ń dágbére fún yín kó tó lọ ni?"

Ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ ìṣirò láti Atakpamé, dá sí i. "Bọ̀ǹjúù o, yunifásítì ti dé. Ẹ gbé àga fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.

Mo ní ètò náà kò lè wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Olùkọ́ ní, "Ohun tó bá ti pẹ́ lórí àga, ta ní í bi í pé ìgbà wo ló máa dìde?" Gbogbo wa yíjú sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá etí ìjọba wà níta. Àgbà yára yí ọ̀rọ̀ sí àkàrà.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé àyípadà kan kò gbọdọ̀ wọlé àfi bó bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó dàgbà jù lọ, èyí tó wà lábẹ́ aṣọ funfun ní igun pálọ̀. Àgbà nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Mo gbé dísìkẹ́ẹ̀tì wá, ó ní ẹ̀rọ ń sinmi. Mo tún gbé e wá, ó ní àfikún mi ti sanra jù fún un. Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ ọ́. Mo lọ gé e kúrú. Mo padà wá, ó ní àlejò wà nílé. Àlejò wo? Àna rẹ̀ tó ń sùn lórí àga.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ní n kò ní dìde. Àgbà ṣí aṣọ, ó ti dísìkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ ìwé ẹrù tó máa ń fi dán gbogbo nǹkan wò láti ìgbà ìwáṣẹ̀: páálí tòmátò alágolo. Láàárín iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà yọ lára ògiri.

"Iná lọ," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ti wáyà padà. Ẹ̀rọ kérora, ó gba àkókò tirẹ̀. Nígbà tó yá, tòmátò yọ jáde, gbogbo rẹ̀, àyàfi ìlà tó kẹ́yìn.

Àgbà sún ojú mọ́ ẹ̀rọ. "Ìlà mi kan dà?"

"Ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́ parí tí ẹ fi fa wáyà, Bàbá."

"Ṣé iná máa ń dúró kí èèyàn parí ìlà ni?"

Ẹ̀sùn mi gan-an ló gbà lọ́wọ́ mi tó fi ń bá mi jà. Ó fa àga kejì. "Sún mọ́bí. Fi ibi tó ti ń fi í pamọ́ hàn mí."

Inú ṣì ń bí mi sí gbogbo Sátidé tí wọ́n fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n dísìkẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ sí wọ ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí iná lọ, gbogbo ilé pariwo; èmi gbé ọwọ́ lé itan, mo ń dúró kí iná padà, kí iṣẹ́ mi sì yọ jáde. Ìlà tó kẹ́yìn tó ń sọnù yẹn, èmi àti Àgbà ṣì ń jà lé e lórí.