Òkúta inú ìrẹsì bàbá mi

Lónìí, ìrẹsì bàbá mi di ará òkè òkun ní Ọjà Akẹ̀sán!

Ìjọba ti fòfin de ìrẹsì òyìnbó, síbẹ̀ òun làwọn èèyàn ṣì ń wá. Èmi ni mo ru ti oko bàbá mi lọ fún ìyá oníìrẹsì láàárọ̀. Ìgbà tí mo fi padà kọjá, ó ti dà á sínú àpò ìrẹsì òyìnbó.

"Ti òyìnbó gan-an ni o!" ló ń sọ fún àwọn oníbàárà.

Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò náà, mo ṣa òkúta kan jáde.

"Ìyá, ṣé òkúta yìí náà wọ ọkọ̀ òkun wá ni?"

"Ọmọ yìí, pa ẹnu mọ́! Wọn ò ní ra toko."

N ò pa á mọ́. "Ìrẹsì bàbá mi rèé! Ẹ ṣa òkúta ẹ̀ kúrò, ẹ ó rí bó ṣe dùn tó!"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, wọ́n rà á tán.

Ìyá ní kí n gbé òmíràn wá lọ́la, kí n má gbàgbé ẹnu mi sílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo ṣàṣejù?